Àádọ́rin Ìṣẹ́jú sí Ìlú Etíkun

Tí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni nínú àwa agbẹ́rù ní pápákọ̀ òfuurufú wa pé báwo ni ìlú kan ṣe jìnnà tó, kò ní wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Á kàn nawọ́ sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ẹrù, á ní, "Ẹ lọ bi Oníṣẹ́jú."

Orúkọ tí a sọ ọ́ nìyẹn, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń to àpótí sínú ikùn bàálù. Mẹ́rìndínlógún nínú ọdún wọ̀nyẹn, èmi àti òun la jọ ń ṣe é, òun nínú lọ́hùn-ún, èmi lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọkùnrin gígùn ni, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti tẹ̀ díẹ̀, nítorí ikùn bàálù kò ga tó kéèyàn nàró síbẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ la ti ń jẹun wa. Lára ògiri ọ́fíìsì ọ̀gá wa obìnrin, ẹni tó ń ṣètò àkókò ọkọ̀, wọ́n lẹ ìwé gbọọrọ kan mọ́ ibẹ̀. Orúkọ pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lápá òsì, bó ṣe jìnnà tó wà láàárín, iye ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ yóò lò lójú òfuurufú wà lápá ọ̀tún. Bí ọkọ̀ kan bá pẹ́, àwa yòókù á nà gbalaja sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, Oníṣẹ́jú á lọ dúró síwájú ìwé yẹn bí ọmọ tí ìdánwò ń bọ̀ wá bá. Kò pẹ́ tó fi há gbogbo rẹ̀ sórí.

Ìlà tó fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni ti ìlú etíkun. Ẹgbẹ̀ta kìlómítà ó dín ogún; àádọ́rin ìṣẹ́jú. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé. Bí ọkọ̀ ọ̀sán bá ti gbéra, á wo aago ọwọ́ rẹ̀, nígbà tó bá sì yá, bóyá a ti ń to ẹrù mìíràn, á sọ fún mi látinú òkùnkùn ibẹ̀ pé, "Wọ́n ti balẹ̀ lọ́dọ̀ Àǹtí mi."

Bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò jókòó nínú bàálù rí. Bọ́ọ̀sì ló máa ń wọ̀ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wákàtí mẹ́tàlá gbáko, nítorí ọ̀nà ilẹ̀ ní láti yí òkè po, kó wá afárá lọ, kó tún máa dúró ní gbogbo ìlú tó bá kàn. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún kìlómítà ni bọ́ọ̀sì ń rìn," á máa wí, "ibì kan náà là ń lọ o! Ẹyẹ kì í bẹ òkè kó tó kọjá."

Ẹ̀gbọ́n yìí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n lásán. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Oníṣẹ́jú nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n ò sì ju mẹ́tàdínlógún lọ. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló kọ́ ọ ní ABD, òun náà ló nà án lọ́jọ́ tó sá nílé-ìwé lọ wo ibi tí wọ́n ti ń wa kànga. Nígbà tó yá, ó di olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ yẹn ló sì ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ohùn tó ní kì í ṣe kékeré. Oníṣẹ́jú ní tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì tó pe ọmọ kan, ọmọ mẹ́ta tí kò pè á dáhùn.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, gẹ̀gẹ̀ yọ sí i lọ́rùn. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹ̀pà. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti tó ẹyin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lọ́nà ọ̀fun. Omi di nǹkan tó ń rọra mu díẹ̀díẹ̀. Ọsibítù ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì dá ọjọ́ fún un: Ọjọ́bọ̀ báyìí báyìí. Oníṣẹ́jú gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì kalẹ̀, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì, ó ń múra.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ yẹn. Aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá díẹ̀, a ń kó ẹrù ọkọ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀, fóònù rẹ̀ sì dún. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá ní kí n tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta. Báyìí ni mo ṣe gbọ́ gbogbo rẹ̀ létí ara mi.

"Àbúrò mi, ọsibítù pè mí. Ẹni tó yẹ kí wọ́n ṣe fún lónìí ní ibà. Wọ́n ní kí n wá gba àyè rẹ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán."

"Òní kẹ̀? Àǹtí mi, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la jọ sọ!"

"Dókítà ò ní sí nílé lọ́jọ́ náà mọ́. Ó ń rìnrìn àjò. Tí n ò bá ṣe é lónìí, ó di oṣù méjì, bẹ́ẹ̀ ìwọ náà mọ bí mo ṣe ń mí."

Àpótí kan wà lọ́wọ́ Oníṣẹ́jú, kò gbé e sílẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ̀mí mi ò sí nínú ewu," ẹ̀gbọ́n ń bá a lọ. "Ohùn mi nìkan ni wọn ò lè ṣèlérí. Iṣan tó ń gbé ohùn jáde wà lẹ́bàá ibẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ fún ẹ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí."

"Ẹ sọ ọ́, mò ń gbọ́."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Ojú ẹ ni mo fẹ́ máa wò. Àmọ́ mo mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Tí kò bá ṣeé ṣe, màá kọ ọ́ sínú ìwé."

Ọ̀rọ̀ ìwé yẹn ló wọ ọkùnrin yìí lára.

"Àǹtí mi, ọ̀nà ò jìn," ó ní. "Àádọ́rin ìṣẹ́jú ni. Ẹ má kọ nǹkan kan."

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń lọ sí ìlú etíkun lóòjọ́, aago méjìlá ọ̀sán, ọkọ̀ náà sì ti kún fọ́fọ́ láti àná. Oníṣẹ́jú bọ́ fìlà, ó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá wa lọ. Èmi náà tẹ̀ lé e, mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ṣàlàyé, kò sunkún, àlàyé rẹ̀ kò gùn, kò kúrú. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, ó yíjú wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tún yíjú padà wò ó.

"Ìjókòó kan wà lẹ́yìn pátápátá tí a máa ń fi pamọ́ fún òṣìṣẹ́," ó ní. "Ọdún mélòó lo ti lò níbí?"

"Méjìlélógún, Ọ̀gá."

"Kò sí nǹkan tí o tọrọ lọ́wọ́ mi rí àyàfi ìbọ̀wọ́. Lọ bọ́jú ẹ."

Kò sí àyè láti délé. Ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ ń rùn fún epo ọkọ̀, mo bá fún un ní ṣẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ wá sí ibi iṣẹ́. Ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà kò dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó dà bí ọmọ tó ga kọjá aṣọ ilé-ìwé rẹ̀. Báyìí ló ṣe gun àtẹ̀gùn bàálù, gbogbo àwa agbẹ́rù dúró nísàlẹ̀, a ń juwọ́ sí i bí ẹni ń sin ìyàwó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú bàálù, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ó sì ti sọ ọ́ fún wa tó ìgbà mẹ́wàá, kò yí i padà rí.

Ó ní ohun tó kọ́kọ́ ṣe é ni pé kò mọ ibi tí yóò gbé orókún rẹ̀ sí. Obìnrin apòògùn kan ló jókòó tì í, obìnrin tó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ó di apá ìjókòó mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Aago méjìlá lù. Ọkọ̀ kò mira. Nígbà tó yá, awakọ̀ fọhùn: èrò kan kò wọlé, àpótí rẹ̀ sì ti wà nínú ọkọ̀, wọ́n máa yọ ọ́ jáde kí wọ́n tó gbéra. Gbogbo èrò pòṣé.

"Kí ló kàn wá kan àpótí ẹ̀?" obìnrin apòògùn bèèrè.

"Òfin ni, Mà," Oníṣẹ́jú dá a lóhùn. "Àpótí kì í dá rìn láìsí ẹni tó ni ín. Tó bá wà níwájú, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá wà lẹ́yìn..." Ó dẹtí sílẹ̀. Ó gbọ́ tí nǹkan ń ró gbì, gbì, lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, lápá ẹ̀yìn. "Ẹ̀yìn ló wà. Yóò tó ogójì ìṣẹ́jú."

Èmi ni mò ń ró gbì lábẹ́ yẹn. Àpótí mẹ́tàlélọ́gọ́ta la kó jáde kí a tó rí èyí tí wọ́n ń wá, kékeré aláwọ̀ ewé kan tí kò ju ìrọ̀rí lọ. Olúwa rẹ̀ ń sùn sórí ìjókòó nínú gbọ̀ngàn, níwájú ilẹ̀kùn gan-an tó yẹ kó bá wọlé. Ẹ má bi mí ohun tí mo sọ sí i, ẹnu mi ló sọ ọ́. Mo mọ ẹni tó jókòó lókè, mo sì mọ ibi tó ń lọ. Mi ò sáré lẹ́nu iṣẹ́ báyẹn rí láyé mi. Síbẹ̀, aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá kí táyà tó kúrò nílẹ̀.

Ó ní nígbà tí ọkọ̀ yọ sókè, ó dà bíi pé gbogbo ara òun ló kù sílẹ̀. Nǹkan kan ró kùù lábẹ́ wọn, obìnrin apòògùn sì di apá rẹ̀ mú.

"Kí nìyẹn?"

"Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ń ká wọlé. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Ó jọ pé ẹ máa ń wọ bàálù dáadáa."

"Àkọ́kọ́ mi nìyí, Mà."

Obìnrin náà yọwọ́ kúrò lápá rẹ̀. "Àkọ́kọ́ yín! Èmi tí mò ń wọ̀ ọ́ lóṣooṣù, ẹ̀yin lẹ tún wá ń tù mí nínú?"

"Abẹ́ ibi tí ẹ jókòó sí yìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́," ó sọ fún un, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Ó bá sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un, àti aago mẹ́ta. Wọ́n jọ ṣírò rẹ̀. Wọ́n á balẹ̀ kí aago méjì tó lù. Láti pápákọ̀ sí ọsibítù, ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Àyè wà dáadáa.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago méjì lù, dípò kí ọkọ̀ máa lọ sílẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ kan dẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Funfun ni gbogbo fèrèsé, bí ẹni ti orí bọ inú òwú. Awakọ̀ ní òjò ńlá ń rọ̀ lórí pápákọ̀, wọn ò rí ilẹ̀. Àwọn máa yípo títí yóò fi dá. Tí kò bá dá láàárín ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n á lọ balẹ̀ níbòmíràn. Ó dárúkọ ibẹ̀.

Oníṣẹ́jú mọ ibẹ̀. Ìlà kẹsàn-án lórí ìwé ni. Igba kìlómítà sí ìlú etíkun, wákàtí mẹ́rin ni mọ́tò yóò fi gbé wọn padà. Ó ní nígbà yẹn ni òun kábàámọ̀ pé òun há a sórí. Àwọn tó kù nínú ọkọ̀ ń kùn nítorí wọn ò mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Òun dákẹ́ nítorí ó mọ̀. Ẹgbẹ̀ta kìlómítà ó dín ogún ti tán lẹ́yìn wọn, kò ku nǹkan kan, ìlú náà wà lábẹ́ wọn níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n yí lẹ́ẹ̀kíní. Wọ́n yí lẹ́ẹ̀kejì. Ó wo aago, ó wò ó, ó wò ó, títí obìnrin apòògùn fi na ọwọ́ sí i.

"Ẹ bọ́ ọ fún mi. Wíwò yín kò ní mú kó dúró."

Ó bọ́ ọ. Obìnrin náà jù ú sínú àpò rẹ̀, ó fa síìpù rẹ̀ pa. Ó ní àfi bí ẹni pé wọ́n gbé ẹrù kan kúrò lórí òun. Ó gbé orí lé ẹ̀yìn ìjókòó, ó dijú, kò sì mọ ìgbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń jáde ló jí i. Ó wo ìta, ó rí òrùlé ilé, ó rí òkun tó dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò, ó rí ọ̀nà tó kún fún omi. Táyà kan ilẹ̀, wọ́n fò díẹ̀, wọ́n tún kàn án. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Ó ní omijé bọ́ lójú òun.

"Aago mélòó?" ó bi obìnrin apòògùn.

Ó yọ aago náà. "Méjì ààbọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méjì. Ẹ dìde. Dẹ́rẹ́bà mi ń dúró níta, ẹ ò ní wá takisí."

Dẹ́rẹ́bà náà mọ iṣẹ́. Ó gba ẹ̀yìn ọjà, ó gba ibi tí omi kò ti ga, obìnrin apòògùn sì ń sọ fún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé, "Rọra," lẹ́yìn náà, "Àmọ́ má rọra jù." Fóònù ẹ̀gbọ́n kò lọ; wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Aago mẹ́ta lù nígbà tí wọ́n wà níwájú ilé-epo kan.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá kí ó tó gun àtẹ̀gùn ọsibítù. Àjà kẹta ni. Kó tó dé òkè ló ti ń gbọ́ ohùn kan.

"Kí Dókítà jókòó sinmi. Àbúrò mi ń bọ̀."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo wọn ti wọṣọ tán."

"Aṣọ kì í bàjẹ́ lára."

Ó yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó ṣánṣán sórí bẹ́ẹ̀dì oníkẹ̀kẹ́, fìlà funfun lórí, nọ́ọ̀sì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan di irin ara ilẹ̀kùn mú bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé-ìwé.

"Àǹtí mi!"

Ó yí orí padà. Ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣẹ́ẹ̀tì ta nìyẹn?"

Oníṣẹ́jú sáré lọ bá a. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Ẹ̀gbọ́n fi irin sílẹ̀, ó fi ọwọ́ yẹn di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwọn nọ́ọ̀sì sì sún sẹ́yìn díẹ̀.

"Gbọ́ mi," ó ní. "Tí ohùn mi ò bá padà, àwọn èèyàn á máa bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é fún ẹlòmíràn. Wọ́n á rò pé nígbà tí mi ò fọhùn, mi ò lóye. Má gbà fún wọn. Ìwọ náà má sì máa sọ̀rọ̀ nípò mi. Fún mi ní bírò, kí o dúró dè mí kí n kọ ọ́ tán, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Àǹtí mi."

"Wí i fún mi."

Ó wí i fún un, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, bó ṣe ń ka ìwé fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí. Ó yíjú sí àwọn nọ́ọ̀sì, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ ní sùúrù. Ó yá, ẹ tì mí lọ." Ó dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Oníṣẹ́jú jókòó sórí bẹ́ńṣì. Aago rẹ̀ ti padà sọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kò wúlò fún un. Kò sí ìwé kankan lára ògiri ibẹ̀ tó sọ bí iṣẹ́ abẹ ṣe jìn tó. Obìnrin apòògùn gbé tíì gbígbóná wá fún un láti ìsàlẹ̀, ó kí i, ó sì lọ. Ó tó wákàtí méjì àti nǹkan kí dókítà tó jáde, ó fa nǹkan tó fi bo imú sílẹ̀.

"Ó ti yọ, gbogbo rẹ̀ pátá," dókítà ní. "Kò sí nǹkan tó burú nínú rẹ̀. Iṣan ohùn, mo rí i, mi ò fọwọ́ kàn án. Àmọ́ bí wọ́n bá jí la ó tó mọ̀."

Wọ́n gbé e wá sí wọ́ọ̀dù. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là. Nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ tẹ̀ síwájú, ọmọ dáadáa ni, kò ní ibi lọ́kàn. Ó fi ohùn tínrín bẹ̀rẹ̀: "Màmá wa dídùn! Ojú ti là! Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀ fún mi kí n rí i, ẹ rọra rẹ́rìn-ín, ẹ káre, ẹ káre!"

Oníṣẹ́jú dìde. Ó ní òun kì í bá òṣìṣẹ́ ọsibítù jiyàn. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ní. "Olùkọ́ ni wọ́n. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ bí àgbà."

Ibẹ̀ ni ohùn kan ti jáde láti orí ìrọ̀rí, ó há, ó gbẹ bí ẹni ń fi òkúta ha irin, ṣùgbọ́n ohùn ni.

"Mo ní... má sọ̀rọ̀... nípò mi."

Nọ́ọ̀sì náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Oníṣẹ́jú gbìyànjú láti sọ pé òun gbọ́, ẹ̀rín ló jáde, ẹ̀rín tí kò lè dá dúró, ó sì ní láti jáde lọ fẹ̀yìn ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti pè mí. Mo wà nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, gbogbo wa la dúró, kò sí ẹni tó lọ sílé. Mo gbé fóònù.

"Ó sọ̀rọ̀," ó ní. "Àǹtí mi sọ̀rọ̀."

Mo yí sí àwọn tó kù, mo ní, "Ó sọ̀rọ̀!" Ariwo tí a pa lọ́jọ́ náà, ọ̀gá wa sáré jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀, ó rò pé ẹrù ti wó lu ẹnì kan. Nígbà tó gbọ́, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì wa tó dọ̀tí, tòun ti aṣọ funfun ọrùn rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

Oníṣẹ́jú lo ọ̀sẹ̀ méjì náà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohùn ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní ó lè má lè pariwo mọ́, ẹ̀gbọ́n ní ìyẹn kò dun òun, kò sí kíláàsì níwájú òun mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ojú omi, rí fóònù pè é láti èbúté kan, wọ́n sì sọ̀rọ̀ pẹ́ débi tí nọ́ọ̀sì fi wá gba fóònù náà. Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí ni. Ó ní, "Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ó tó gẹ́ẹ́, ẹ sinmi." Ẹ̀gbọ́n kò jà, ó gbé fóònù lé e lọ́wọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Oníṣẹ́jú tún pè mí. Ó bi mí ta ló wà nínú ikùn bàálù ní ipò rẹ̀. Mo ní èmi ni.

"Kí o rọra máa tẹ ẹ̀yìn ẹ," ó ní, "kí o sì jẹ́ kí wọ́n fún ẹ ní nǹkan tó rọ̀ fi sábẹ́ orókún."

Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní ó dàbọ̀, òun fẹ́ lọ fún Àǹtí òun ní omi gbóná.